Ṣé kí n ní ara mi ò yá, kí n lè lọ fún ìntáfíù l'Ékòó?

Adùkẹ́_Ìṣirò · Ẹtì, 8:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ akáǹtì ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn, lápá Ring Road. Ó ti lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta. Lọ́sàn-án òní ni ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà kọ íméèlì sí mi pé kí n wá fún ìntáfíù ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀. Owó ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mò ń gbà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wá irú iṣẹ́ yìí.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Mo ti lo lífù mi tán ní oṣù kẹrin nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó. Ọjọ́rú yẹn tún bọ́ sí ìparí oṣù, ìgbà tí a máa ń ti ìwé ìṣirò oṣù, tí màdámù wa kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú síta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka la fi ń wọlé, aago 8 géérégé. Mo sì ti tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí: ọ̀kan fún báńkì, ọ̀kan fún NIN.

Ohun tí mò ń rò ni pé kí n pe màdámù láago 6 àárọ̀ Ọjọ́rú, kí n ní ibà dé sí mi. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Màdámù yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́dún 2023 nígbà tí ọgbẹ́ inú mi dìde. Tó bá gbọ́ pé ara mi ò yá, ó lè ní òun ń bọ̀ wá wò mí, torí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi. Ṣé ẹnì kan ti ṣe é rí níbí tí àṣírí ò tú?

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Ẹtì, 8:55 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é kẹ́ ẹ sì gbéra. Àwọn ọ̀gá tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yìí, bí wọ́n bá fẹ́ lé yín, ṣé wọ́n á pè yín jókòó gbàmọ̀ràn ni? Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, láago 4 ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kan ni wọ́n pín ìwé gbélé-ẹ fún àwa 14. Kó tó di aago 5, wọ́n ti gba káàdì lọ́rùn wa.

Ibà ni kẹ́ ẹ pè é. Ibà ò ní àlàyé n'Ìbàdàn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín rẹlẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá_Mojí · Ẹtì, 9:31 alẹ́

Ìwọ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èmi ṣe é. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún un yín.

Ọdún 2016, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé aládàáni kan níbí n'Ìbàdàn. Ilé ìwé kan l'Ábẹ́òkúta ní kí n wá. Mo pe ọ̀gá wa láàárọ̀, mo ní inú ń ṣu mí, mi ò lè kúrò nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní pẹ̀lẹ́, kí n mu iyọ̀ àti ṣúgà. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù, mo kó bàtà gíga sínú báàgì, mo lọ.

Láago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé. Mo ti ń gbọ́ ohùn láti ẹnu ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ọ̀gá wa, tíṣà méjì, àti olórí kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lórí àga. Láìlọ́n ọsàn kan àti ìgò Lucozade wà lórí tábìlì. Ìyá ọkọ mi ti ro ẹ̀bà fún wọn, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ ò ní mọ ohun tí ìyá ti sọ fún wọn. Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́, kò mọ nǹkan kan: "Ìyàwó mi lọ s'Ábẹ́òkúta, wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀."

Mo dúró tòun ti kóòtù. Ọ̀gá wa wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé inú ọ̀hún ti dá?"

Kò lé mi. Ì bá sàn kó lé mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, àwọn tíṣà á máa wo ara wọn. Nígbà tí ara mi wá ṣàìdá lóòótọ́ ní oṣù kejì lẹ́yìn ẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ fihàn wọ́n kí wọ́n tó gbà. Àwọn ti Abẹ́òkúta ò sì pè mí padà. Ọsàn yẹn, èmi ò lè fi ẹyọ kan sẹ́nu, àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́ tán.

Adùkẹ́, ìwọ fẹnu ara rẹ sọ pé màdámù rẹ máa ń wá kí èèyàn. Ìdáhùn rẹ wà nínú ohun tó o kọ.

Kọ́pà_Òṣogbo · Ẹtì, 9:40 alẹ́

"Ṣé inú ọ̀hún ti dá?" 😂😂 Mà á ti wọlẹ̀ ni.

Ọjọ́ CDS, iṣẹ́ ìlú tí àwa kọ́pà máa ń ṣe, ni èmi fi ń lọ fún ìntáfíù tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Mo mọ̀ pé kò wúlò fún ẹ̀gbọ́n, mo kàn ní kí n sọ ọ́.

BàbáRírẹ́ · Ẹtì, 9:58 alẹ́

Ọmọ mi, má fi àìsàn pe ara rẹ. Ẹnu ní agbára. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ òde òní á máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lọ. Ẹni tó bá ń pe ibà láàárọ̀ kùtùkùtù, ibà mọ ilé.

Èyí tó burú jù ni àwọn tó máa ń pa ẹbí. Ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì wa láyé ìjọ́un, ó ti gba ọjọ́ mẹ́ta láti lọ sin bàbá rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló tún wá, ó ní bàbá òun kú. Ọ̀gá wa ṣí fáìlì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Èyí tó kú nígbà ìjọ́sí ńkọ́? Ṣé ó ti jí ni?" Bàbá ọ̀hún wà láàyè ní Ìsẹ́yìn, ara rẹ̀ le koko, ó ń ṣoko.

Ohun tí mo rò pé kó o ṣe ni èyí. Lọ bá màdámù, má ṣe é lórí fóònù. Sọ pé o ní ọ̀rọ̀ kan tó kan ìwọ nìkan, pé o nílò Ọjọ́rú, kí wọ́n yọ owó ọjọ́ náà nínú owó oṣù rẹ. Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo òtítọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó o tú gbogbo ikùn rẹ síta.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Ẹtì, 10:06 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ó bá tọrọ tí màdámù sì ní rárá ńkọ́? Ìparí oṣù ni, rárá ló máa sọ. Níbẹ̀ yẹn ilẹ̀kùn ibà náà ti tì. Ṣé èèyàn lè tọrọ Ọjọ́rú lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n má fún un, kí ibà wá mú un lọ́jọ́ Ọjọ́rú gan-an? Ọmọ ọdún méjì á mọ̀.

Bí wọ́n bá ń béèrè ìwé dókítà, lábù kan wà lápá Sángo tí wọ́n á kọ ọ́ fún un yín kẹ́ ẹ tó mu omi tán. Malaria pọ́lọ́sì méjì, táífọ́ọ̀dù díẹ̀ lórí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru · Ẹtì, 11:20 alẹ́

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ìwé yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má gbà á. Kí ẹ pe màdámù kẹ́ ẹ ní ara ò yá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Ẹ lè ní orí ń fọ́ yín, kò sẹ́ni tó lè wo inú orí. Bí ẹ bá ti mú ìwé sílẹ̀, ayédèrú ìwé lẹ ti ń gbé kiri yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wò ó, àwọn ilé iṣẹ́ máa ń pè wá. Wọ́n á ka nọ́ńbà káàdì tó wà lórí ìwé, ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì á sì wò ó bóyá ẹni náà wá lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́. Wọ́n mú ìwé kan wá fún wa lọ́dún tó kọjá, sítáǹpù ń dán, orúkọ ilé ìwòsàn wa pé, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Dókítà tó fọwọ́ sí i nìkan ni kò sí. Ó ti jápa lọ sí Kánádà láti ọdún méjì ṣáájú.

Tí ilé iṣẹ́ yín bá sì ń lo HMO, àwọn tó ń san owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ fún ilé ìwòsàn, ó tún burú sí i. Èèyàn tí ibà gbé dè, tó ní HMO, kí ló dé tí kò gba kóòdù ìtọ́jú kankan lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn? Ìpè kan péré ni wọ́n nílò láti mọ̀.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Ẹtì, 11:26 alẹ́

Ó dáa, mo fa ti ìwé sẹ́yìn. Ti HMO yẹn, mi ò rò ó débẹ̀ rí.

Ará_HR · Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀

Mo ti wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fún ọdún 11, ní ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àwa tó jókòó sódìkejì máa ń rí.

A máa ń fura. Ẹni tí kì í wọ kóòtù rí wá wọ kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní báńkì lòun ń lọ. Ẹni tí kò fọwọ́ kan LinkedIn rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta wá yí fọ́tò padà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó máa ń gba fóònù níwájú gbogbo wa wá ń lọ gbà á lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, ibi tí kò ti lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. A kì í sọ nǹkan kan. A kàn máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa gbé ga.

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ màdámù lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn tó pè yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwa tó ń pe èèyàn wá mọ̀ pé ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ò lè já wá bẹ́ẹ̀. Ẹ dá íméèlì wọn padà láàárọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé. Ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ wá, ẹ sọ pé iṣẹ́ ìparí oṣù wà lọ́rùn yín, kẹ́ ẹ wá mú àyè bíi mẹ́ta wá: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tàbí Ọjọ́rú náà ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, tàbí kí wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́ lórí Zoom. Ẹni tó bá kàn kọ̀wé pé "ọjọ́ yẹn ò rọrùn fún mi" tí kò mú òmíràn wá, òun la máa ń fò dá.

Ẹ má sì bẹ̀rù jù. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 12 lọ́dún tó lè fi ṣàìsàn tí owó rẹ̀ ò ní dín. Ọjọ́ kan ò tó ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ lé yín.

Alágbàwí_Ìyágankú · Àbámẹ́ta, 9:02 àárọ̀

Ará HR, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ n tún ibì kan ṣe, kí ẹnì kan má lọ gbé e ja níwájú ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ 12 yẹn wà ní abala 16 lóòótọ́. Ẹ fi ìdajì gbólóhùn sílẹ̀: dókítà tó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí àìsàn náà. Ìkejì, òfin yẹn fúnra rẹ̀ yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Oníṣirò owó lè bọ́ síbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi gba Adùkẹ́ síṣẹ́ àti ìwé òfin ilé iṣẹ́ wọn ló máa sọ̀rọ̀. Ibòmíràn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń béèrè ìwé dókítà. Ibòmíràn, ó di ọjọ́ kẹta.

Ọ̀rọ̀ "ọjọ́ kan ò tó ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ lé yín" náà, ó kù díẹ̀ káàtó. Wọn ò ní lé e nítorí ọjọ́ kan. Nítorí irọ́ ni wọ́n ṣe lè lé e. Ẹni tí wọ́n bá lé nítorí ìwà àìtọ́ ńlá, wọn kì í fún un ní nótíìsì, nígbà míì wọn kì í san nǹkan kan fún un.

Ará_HR · Àbámẹ́ta, 9:10 àárọ̀

Mo gbà. Ẹ ṣeun. Ti íméèlì yẹn ṣì dúró o.

Ará_Peckham · Àbámẹ́ta, 11:47 àárọ̀

Lọ́dọ̀ wa níbí l'Ọ́ńdọ́nù, ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ẹnu ẹni la fi ń jẹ́rìí sí àìsàn ara ẹni, kò sí dókítà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé ó ti bùṣe nìyẹn. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, bó o bá padà dé, wọ́n á pè ọ́ wọ yàrá, wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ: kí ló ṣe ọ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí lo lò sí i, fọwọ́ sí i. Irọ́ tó o pa lórí fóònù ti di èyí tó o fọwọ́ sí. Lífù ni mo máa ń gbà ní tèmi. Òfin fún wa ní ọjọ́ 28 lọ́dún, wọn kì í sì í bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Àbámẹ́ta, 11:53 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ọjọ́ 28! Níbí, ọjọ́ mẹ́fà ni Òfin Iṣẹ́ pè é, lẹ́yìn tó o bá ti sin wọ́n fún oṣù 12. Ẹ jẹ́ ká padà s'Íbàdàn jàre.

Onírìnàjò_Mọ́níyà · Àbámẹ́ta, 1:30 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irọ́ àti òtítọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bó ṣe máa débẹ̀. Èmi ń lọ s'Ékòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Aago 10 n'Íkẹjà láti Ìbàdàn, ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní gáréèjì Challenge kí aago 5 tó lù. Ẹ má fọkàn sí ọkọ̀ ojú irin fún aago 10, ti àárọ̀ láti Mọ́níyà ò lè bá a. Mọ́tò ni. Ẹ sọ̀ ní Berger, ẹ gba Aláúsá wọ Ìkẹjà. Ní afárá Kara ni gbogbo nǹkan ti máa ń dì pọ̀. Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù tí èrò máa ń lọ sí Kámpù Rídíìmù.

Bí wọ́n bá gbà kó di ọ̀sán, ọkọ̀ ojú irin ló dáa. Àmọ́ Agége ni kẹ́ ẹ ti sọ̀, ẹ má bá wọn dé Alágomejì, torí Agége ló sún mọ́ Ìkẹjà. Ẹ wọ ànkárá lọ, kẹ́ ẹ gbé kóòtù sínú láìlọ́n tí wọ́n fi ń gbé aṣọ láti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Ẹ wá pààrọ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Òógùn gáréèjì kì í jáde lára aṣọ funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ parọ́, ẹ má pe ọ̀gá yín láti gáréèjì! Ẹ̀gbọ́n mi kan pe ọ̀gá rẹ̀, ó ń kérora pé ara ò yá, orí ibùsùn lòun wà. Kọ́ńdọ́kítọ̀ kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá: "Ọ̀jọ́ta, Kétu, Máìlì 12, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọ̀gá ní, "Ibùsùn ọ̀hún ti gbéra nìyẹn."

Adùkẹ́_Ìṣirò · Àbámẹ́ta, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ń lo HMO. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, àyà mi já.

Mo ti kọ íméèlì, bí Ará HR ṣe ní kí n kọ ọ́. Mo yẹ ìwé òfin ilé iṣẹ́ wa wò náà: ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń béèrè ìwé dókítà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ní ìwé yẹn, mi ò ṣí i rí.

Adùkẹ́_Ìṣirò · Ajé, 9:05 alẹ́

Ìròyìn rèé. Wọ́n dá mi lóhùn láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè sún un kúrò ní Ọjọ́rú nítorí ọ̀kan nínú àwọn tó máa bi mí léèrè ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sí aago 2 ọ̀sán. Zoom, wọ́n ní rárá.

Mo wá rò ó pé aago 2 náà, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí màá fi wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan náà. Mo bá lọ sọ́dọ̀ màdámù lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo fi há abẹ́ fáìlì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo nílò Ọjọ́rú. Ọ̀rọ̀ ara mi ni, mi ò tíì lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ nínú owó mi. Mo máa parí tèmi lálẹ́ ọ̀la, mo sì máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, bíi pé ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Wọ́n bi mí pé ṣé kì í ṣe àìsàn. Mo ní rárá mà. Wọ́n ní ṣé inú ilé mi dáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní, "Rẹkọnsílíéṣọ̀nù báńkì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì mi kó o tó lọ sùn lọ́la." Ìyẹn ni pé kí n fi ìwé báńkì wé ìwé ilé iṣẹ́ wa. Ó parí.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Ajé, 9:11 alẹ́

Wọ́n ti mọ̀. "Ṣé kì í ṣe àìsàn" yẹn, ẹ̀yin ò gbọ́ ọ? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

BàbáRírẹ́ · Ajé, 9:30 alẹ́

Kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò parọ́ fún wọn.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Ajé, 9:33 alẹ́

Bàbá, tí iṣẹ́ ọ̀hún ò bá bọ́ sí i ńkọ́? Yóò ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ibà ni, ibà ti lọ, a ti gbàgbé. Òótọ́ náà ní owó tó ń náni.

Ìyá_Mojí · Ajé, 9:50 alẹ́

Mi ò lè ní irọ́ lo sọ níbẹ̀. Ó ń náni.

Adùkẹ́_Ìṣirò · Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Mo lọ, mo dé. Aago 9 kọjá díẹ̀ ni mo kúrò ní ọ́fíìsì lálẹ́ Ìṣẹ́gun, jẹnẹrétọ̀ ti kú lẹ́ẹ̀mejì, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka ìwé báńkì kejì tán. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀, mo sọ̀ l'Ágége. Ẹ ṣeun, Onírìnàjò, ti kóòtù yẹn gbà mí.

Èèyàn mẹ́ta ló bi mí léèrè, bí ìṣẹ́jú 40. Wọ́n gbé ìwé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n wá a. Mo rí méjì. Mi ò mọ̀ bóyá mẹ́ta ni. Níkẹyìn, obìnrin tó wà láàárín bi mí pé, "Kí lo sọ fún ọ̀gá rẹ lónìí?" Mi ò retí ẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá màdámù sọ gan-an fún un. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Wọ́n ní àwọn á pe mí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Màdámù ò bi mí ní nǹkan kan láàárọ̀ yìí. Lẹ́tà pé wọ́n ti yọ owó ọjọ́ kan ni mo bá lórí tábìlì mi, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì. Mo máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Alágbàwí_Ìyágankú · Ọjọ́bọ̀, 8:44 alẹ́

Ẹ kú ewu. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ má fi ibi tí ẹ wà sílẹ̀ títí ìwé tuntun fi máa wọ̀ yín lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ti nótíìsì: fún ẹni tó ti lò tó ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni Òfin Iṣẹ́ kọ, ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà yín, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adùkẹ́_Ìṣirò · Ọjọ́bọ̀, 8:51 alẹ́

Oṣù kan ló wà nínú tèmi. Mo ti ka gbogbo ìwé yẹn báyìí.

Ará_HR · Ọjọ́bọ̀, 8:58 alẹ́

Ẹ sọ fún àwọn ti Ìkẹjà pé kí wọ́n má kọ̀wé béèrè nípa yín lọ́dọ̀ màdámù títí ẹ̀yin fúnra yín fi máa sọ fún un. Wọ́n máa ń gbà. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n lè kọ ọ́ láìrò ó.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, èmi náà ní ìntáfíù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Mojí, ẹ má bínú, ibà ti ń mú mi díẹ̀díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́.

Ìyá_Mojí · Ọjọ́bọ̀, 9:17 alẹ́

Fi àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́. Mo ti lọ ra ọsàn.